Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí A San Owó Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé bi wá léèrè lẹ́yìn oúnjẹ pé, "Ẹ̀gbọ́n, irú ẹ̀rọ ìfọṣọ wo ló dáa ká rà?" Àwa méjèèjì wo ojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rò pé à ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Rárá o. Ìbéèrè yẹn ló ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa rí. Òun náà ló mú kí ìyá wa má lè dìde nílẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan. A ò lè dáhùn rẹ̀ tán nídìí abọ́ ìrẹsì. Ìdí nìyí tí a fi ní ká kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè fi tiwa kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé apá gúúsù ìlà-oòrùn London là ń gbé, ní àjà kẹta nínú ilé kan tí lífìtì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Bàbá Ìbejì ń wa bọ́ọ̀sì, Ìyá Ìbejì ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa: àwọn ìbejì, àti Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn. Ẹni tó bá ti tọ́ ìbejì rí yóò mọ ohun tí à ń sọ tí a bá ní aṣọ ìdọ̀tí kì í tán nílẹ̀. Bí a bá ti fọ ti Táyé tán, ti Kẹ́hìndé ti dé.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ilé ìfọṣọ tó wà ní igun òpópónà ni à ń lọ. Gbogbo Sátidé la máa ń di aṣọ sínú àpò Ghana-must-go, a ó gbé e gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, a ó wá gbé e lé orí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wa á jókòó ti aṣọ, ìkejì á kó àwọn ọmọ lọ sí Rye Lane ní Peckham lọ ra ẹ̀fọ́ àti irú. Bí a bá fi máa padà délé, ọjọ́ ti lọ, owó ti lọ, ó sì ti rẹ gbogbo wa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, a rí ilé ìtajà kan tó kọ ọ́ gàdàgbà sójú fèrèsé pé: ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun, £6 péré lọ́sẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lónìí. £6! Owó tí à ń ná ní ilé ìfọṣọ ní Sátidé kan ṣoṣo ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò lọ sílé lọ rò ó, ọjọ́ náà gan-an la fọwọ́ sí ìwé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé a ó fi san án, àmọ́ £6 yẹn nìkan ni ojú wa rí.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí iṣẹ́ ìṣirò owó ń ṣe, ló bá wa ṣí i lójú ní ọdún 2017, níbi ìsọmọlórúkọ kan. Ó yí ìwé ètò ọjọ́ náà dé, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀sẹ̀ 156, £6 lọ́sẹ̀ kan, £936. Ẹ̀rọ kan náà gan-an, £310 ni à bá rà á ká ní a mú owó lọ́wọ́. Owó ẹ̀rọ mẹ́ta la san, ẹyọ kan la rí gbé wálé! Ẹnu wa ò gbà á mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀wọ́n-ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀-ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Tiwa tún wá burú ju ti òwe lọ, nítorí ọ̀bùn ni a rà, ọ̀wọ́n ni a sì rà á.

A san gbèsè náà tán ní oṣù kẹsàn-án 2017. Ní oṣù kìn-ín-ní 2018, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọkọ̀ òfúrufú tó fẹ́ gbéra, ó sì dákẹ́. Ẹni tó wá wò ó ní ohun tí garawa inú rẹ̀ ń yí lé lórí ti jẹ, àti pé wọ́n ti lẹ garawa náà pọ̀ débi pé kò ṣeé tú. Owó àtúnṣe yóò ju owó tuntun lọ. Ó gba owó àbẹ̀wò rẹ̀, ó lọ.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ìbejì ní, "Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká padà lọ síbi àkọ́kọ́ yẹn. Ó kéré tán, aṣọ á di fífọ̀." Ìyá Ìbejì fèsì pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tan ọmọ ènìyàn. Mi ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́." Òun ní ká máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, ká padà sí ilé ìfọṣọ ná. Ọkọ ní òun ò tún lè ti kẹ̀kẹ́ aṣọ nínú yìnyín. Ọ̀rọ̀ di tèmi-ni-kó-ṣẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ àwọn ọmọ: "Lọ sọ fún dádì yín," "Lọ sọ fún mọ́mì yín."

Bẹ́ẹ̀, a ní àlejò nílé. Màmá, ìyá tó bí Bàbá Ìbejì, ti dé láti Ìbàdàn láti oṣù kọkànlá, wọ́n wá wo àwọn ọmọ-ọmọ wọn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká sọ irú ènìyàn tí Màmá jẹ́ fún yín. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Ní Òkè-Àdó ni wọ́n ti fọ aṣọ oníbàárà fún ọdún tó lé ní 20, wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń po sítáàṣì, wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Owó aṣọ fífọ̀ ni wọ́n fi rán Bàbá Ìbejì nílé ìwé. Àtẹ́lẹwọ́ Màmá le bí awọ ìlù, wọn kì í sì í tijú rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Bàbá Ìbejì jí ní aago mẹ́rin láti lọ gbé bọ́ọ̀sì. Ó rí iná nílé ìwẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá Màmá lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ìwẹ̀, omi tútù dé ìgúnpá, wọ́n ń fọ aṣọ iṣẹ́ Ìyá Ìbejì.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe níbí lóru?"

"Aṣọ iṣẹ́ ìyàwó mi ni. Kò yẹ kó wọ ìdọ̀tí lọ bá àwọn arúgbó olóyìnbó. Mo ti ń fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ò kàn mọ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Màmá."

Màmá gbìyànjú, wọn ò lè dìde. Ẹ̀yìn wọn ti gan. Àwa méjèèjì la jọ gbé wọn dé orí ibùsùn. Dókítà ní ẹran ẹ̀yìn ló fà, kí wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́run ṣeun, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú tì wá ju bí a ṣe lè kọ ọ́ lọ. À ń jà lórí owó, ẹ̀yìn ìyá wa ló ń san án. Ọjọ́ náà ni a jókòó pọ̀ lórí tábìlì, a parí ìjà, a ní ká fi làákàyè wá ẹ̀rọ mìíràn.

Nígbà tí Màmá gbọ́ tí à ń ka orúkọ ẹ̀rọ àti iye owó wọn fún ara wa láti inú ìwé pẹlẹbẹ tí a gbà ní ilé ìtajà, wọ́n pè wá láti orí ibùsùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ń bèèrè pé èló ni, kí lorúkọ rẹ̀. Ẹ ò tíì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ aṣọ. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ dé ọ̀dọ̀ mi, ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè: aṣọ ta ni? Ìdọ̀tí wo ló wà lára rẹ̀? Omi wo la fẹ́ fi fọ̀ ọ́? Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò lè ṣìnà."

Ẹ̀yin ará, ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ìbéèrè mẹ́ta yìí la fi ra ẹ̀rọ wa.

Aṣọ ta ni? Ènìyàn mélòó ló ń gbé inú ilé, báwo sì ni aṣọ wọn ṣe pọ̀ tó? Wọ́n máa ń kọ 7, 8, 9 tàbí 10 kílò sára ẹ̀rọ. Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n ń fi ka kílò yẹn o, kì í ṣe aṣọ tútù. A ò mọ iye kílò aṣọ wa. Ìdòwú, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, ló ní, "Ṣebí a ní ìwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ẹrù tí ẹ bá ń lọ sí Nàìjíríà!" Háà, ọmọ yìí! A kó aṣọ ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan sínú àpò Ghana-must-go, a fi ìwọ̀n ẹrù kọ́ ọ nígbà díẹ̀díẹ̀. Kílò 24 ni lápapọ̀, ó ju ohun tí ọkọ̀ òfúrufú ń gbà nínú báàgì kan lọ. Ẹ̀rọ oníkílò 7 yóò fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, oníkílò 9 yóò fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta. A mú oníkílò 9. Tọkọtaya tí kò tíì bímọ kò nílò rẹ̀, oníkílò 7 tó wọn. Ẹ̀rọ ńlá tí a ń tan fún aṣọ díẹ̀, iná àti omi là ń fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe fún aṣọ mọ́ inú rẹ̀ bí èrò inú mọ́lúè. Bí aṣọ bá ti wọlé tán, kí ọwọ́ yín ṣì ráyè wọ̀ ọ́ lókè, ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ́. Ètò kíákíá tí wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 kò lè fọ kílò 9 rárá, aṣọ díẹ̀ tí kò dọ̀tí ló wà fún.

Ìdọ̀tí wo ló wà lára rẹ̀? Nílé wa, aṣọ iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn àti arúgbó, omi 60 digiri ló yẹ kó fi fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kí kòkòrò àìsàn má bàa bá a délé. Nítorí náà a ní dandan, ẹ̀rọ tó lè gbé omi dé 60 lójú ètò lásán, tí kò ní àrà mérìíyìírí. Aṣọ ilé ìwé àti aṣọ wíwọ̀ ojoojúmọ́, 30 tàbí 40 ti tó wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: omi gbígbóná ló ń jẹ iná jù nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, kì í ṣe yíyí tó ń yí. Ẹni tó bá ń fọ gbogbo aṣọ ní 60, owó ló ń sè. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ máa ń bèèrè pé kí ló dé tí ètò tí wọ́n ní ó ń ṣọ́ iná jẹ fi ń gba wákàtí mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé omi rẹ̀ kì í gbóná púpọ̀, nítorí náà ó ń fi sùúrù fọ̀ ọ́ pẹ́. Pípẹ́ kọ́ ló ń jẹ iná.

Omi wo la fẹ́ fi fọ̀ ọ́? Èyí ni kò wá sí wa lọ́kàn rí. Màmá ní ní Ìbàdàn, omi kànga kan wà tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, òmíràn sì wà tí ẹ̀kán ọṣẹ kékeré ti tó fún un. Wọ́n ní kí a gbé kẹ́tùlù wa wá. Ẹ wo inú kẹ́tùlù tiyín náà. Ohun funfun tó gbá mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹfun, òun náà ló ń gbá mọ́ irin tó ń gbé omi gbóná nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Omi London le, ó ti gba inú òkúta ẹfun kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń gbé Manchester tàbí Glasgow kò ní ìṣòro yìí bí tiwa, omi tiwọn rọ̀. Níbi tí omi bá ti le, ẹ wo iye ọṣẹ tí wọ́n kọ sára páálí fún omi líle, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lófìfo pẹ̀lú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí inú rẹ̀ lè mọ́. Ẹ má sì máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò máa rùn bí àkísà.

Lẹ́yìn ìbéèrè mẹ́ta Màmá, àwa náà fi ẹ̀kẹrin kún un: àyè mélòó la ní? Ilé ìdáná ni ẹ̀rọ ìfọṣọ ń gbé níbí, lábẹ́ pákó ìgbọ́únjẹ. Ìwọ̀n púpọ̀ nínú wọn ni sẹ̀ǹtímítà 60 ní fífẹ̀ àti 85 ní gíga, ṣùgbọ́n bó ṣe jìn sẹ́yìn kò dọ́gba. Oníkílò 9 sábà máa ń jìn ju oníkílò 7 lọ. Páìpù omi àti rọ́bà tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ àyè tiwọn. Díẹ̀ ló kù ká ra èyí tí ì bá yọ ìdí sí ojú ọ̀nà. Ẹ fi téèpù wọn ihò náà, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, ẹ wọn ibi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́nà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ká ra èyí tó ń fọ aṣọ tó tún ń gbẹ ẹ́. A rò ó, a fi í sílẹ̀. Aṣọ tí irú rẹ̀ lè gbẹ lẹ́ẹ̀kan kéré sí èyí tó lè fọ̀. Ẹni tó bá fọ kílò 9, àfi kó yọ díẹ̀ kúrò kó tó lè gbẹ ẹ́. Ó tún ń jẹ iná gan-an. Èyí tó ń fún aṣọ dáadáa la mú, tí garawa rẹ̀ ń yí ní 1400 ní ìṣẹ́jú kan. Bí aṣọ bá ti jáde láìkán omi, orí ìsáṣọ nínú ilé ti tó o, tí fèrèsé bá ṣí díẹ̀ kí ògiri má bàa hu.

Ó wá ku owó. £419 ni ẹ̀rọ tó bá gbogbo ìbéèrè wa mu. Ọwọ́ wa ò tó o. Àwa ìdílé mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ yìí ń dá èésú £50 lóṣù nígbà náà, £500 sì ni ẹni tó bá kàn ń kó. Oṣù karùn-ún ló tó kàn wá. Ìdílé kan tí ti oṣù kejì kàn, tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé, gbọ́ ohun tó ṣe Màmá. Wọ́n tẹ̀ wá láago pé, "Ẹ gba tiwa, àwa á gba tiyín. Ìyá kan ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fọṣọ ní London nígbà tí a wà níbẹ̀." A ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ní ká má dárúkọ àwọn. Àmọ́ wọ́n ń ka ìwé yìí. Ẹ ṣeun o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A san owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a gba rìsíìtì, gbèsè ò wọlé.

Ṣé ẹ rò pé wàhálà tán níbẹ̀? Họ́wù! Nígbà tí ẹ̀rọ dé, lífìtì kò ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó gbé e gun àtẹ̀gùn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kí àwọn so ó mọ́ omi, owó rẹ̀ yàtọ̀. Bàbá Ìbejì ní, "Èmi, ọmọ alágbàfọ̀? Ẹ máa lọ, mo ti mọ̀ ọ́n." Ó so rọ́bà, ó ki aṣọ, ó tan án. Ó dára títí ó fi dé ibi fífún aṣọ. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó! Ó jó kúrò lábẹ́ pákó, ó jó dé àárín ilé ìdáná bí eégún tó rí onílù. Àwọn ìbejì sá gun orí àga. Ìyá àgbà ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé abẹ́ wa sáré gòkè, ó rò pé ilé fẹ́ wó ni.

Ìdòwú tún ni. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ó ní, "Dádì, wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ yọ ìdè irin mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀." Àṣé wọ́n máa ń fi irin de garawa inú ẹ̀rọ tuntun mọ́lẹ̀ kó má bàa mì lọ́nà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí a tó tan án rárá. A yọ ọ́, a tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ó fi jókòó geere, ó dákẹ́ pẹ́ẹ́. Ẹ tọ́jú àwọn irin náà o, ẹ ó nílò wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó kúrò nílé. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá wọ ilé wa, Ìdòwú ló ń kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀.

Màmá náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀yìn wọn san, wọ́n yọ ómò tí wọ́n gbé wá láti ilé nínú báàgì, wọ́n bu ún sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń bu ún sínú agbada. Ọṣẹ tí a ṣe fún ọwọ́ ń hó púpọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Ìfófòó kún ilé ìdáná dé kókósẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Alágbàfọ̀ yín yìí, ọ̀fun rẹ̀ kéré." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọṣẹ ẹ̀rọ fún ẹ̀rọ, ọṣẹ ọwọ́ fún ọwọ́.

Ẹni tó bá ń rà lónìí ní àǹfààní tí àwa kò ní. Láti oṣù kẹta ọdún 2021, àmì iná tuntun ló wà lára ẹ̀rọ ìfọṣọ, láti A dé G. A+++ àtijọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí C lára ẹ̀rọ tó dára. Ẹ wo iye iná tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ìgbà 100 tí a bá fọṣọ, iye omi fún ẹ̀ẹ̀kan, àti ariwo rẹ̀, pàápàá bí ẹnì kan bá ń sùn lábẹ́ yín. Láti ọdún 2021 kan náà, òfin ti ní kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ máa pèsè ẹ̀yà ara rẹ̀ fún àtúnṣe fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ bèèrè bóyá garawa inú rẹ̀ ṣeé tú. Ọ̀rọ̀ owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ti yí padà díẹ̀: láti oṣù kẹrin 2019, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ayánilówó ní Britain ti ní èlé orí irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju owó ọjà náà fúnra rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọjà £310 ṣì lè di £620. Ẹ fi bírò ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ láìpẹ́, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 wà lẹ́yìn yín: bí àléébù bá hàn láàárín ọjọ́ 30, ẹ lè dá a padà, ẹ gba owó yín. Ẹ má ju rìsíìtì nù.

Àmọ́ ohun kan wà tí a ò ní gbàgbé. Kí Màmá tó padà sí Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún 2018, wọ́n pe àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí agbada omi ká. Wọ́n gbé àdìrẹ Ìbàdàndún wọn jáde, wọ́n ní, "Èyí kì í bá ẹnikẹ́ni wọ inú ẹ̀rọ." Òótọ́ ni. Ìyá Ìbejì ti fi àdìrẹ kan bá ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé fọ̀ rí, gbogbo wọn jáde ní àwọ̀ sánmà. Màmá kọ́ wọn bí a ṣe ń fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ aṣọ aláró, bí a ṣe ń fún un láìlọ́ ọ, bí a ṣe ń sá a síbi òjìji. Wọ́n ní aṣọ òkè kò gbọdọ̀ rí omi ẹ̀rọ láéláé. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀rọ á fọ aṣọ yín, kò ní ṣà á, kò ní sá a, kò ní ká a. Iṣẹ́ tó kù yẹn, tiyín ni. Kì í ṣe ti mọ́mì yín nìkan."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí di òní. Táyé ń ṣa aṣọ funfun sọ́tọ̀, Kẹ́hìndé ń sá a, Ìdòwú ń ká a. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan la ti pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí Màmá bá sì tẹ̀ wá láago láti Ìbàdàn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan tán, wọ́n á ní, "Alágbàfọ̀ yín ńkọ́? Ṣé kò rẹ̀ ẹ́?"

A ó ní, "Kò rẹ̀ ẹ́ o, Màmá. Ẹ̀yìn tiyín ńkọ́?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ̀yìn mi ń bẹ níbi tó wà."

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ bi wá léèrè, a ò dárúkọ ẹ̀rọ kankan fún yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ aṣọ yín. Ẹ bèèrè pẹ̀lú pé ẹ̀yìn ta ni yóò san owó náà bí ẹ bá ń jà. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi àwọn aṣọ wa ṣe ayọ̀. Ó dìgbà kan ná o.